Tíìpù lókè òkun: mélòó ni kí n fún wọn, kí sì ni ẹ̀tọ́ tèmi?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé kan ní Houston

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti dé bá ọkọ mi ní Houston, mo sì fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, àwa méjèèjì lọ jẹun nílé oúnjẹ kan, oúnjẹ tí a jẹ sì jẹ́ dọ́là 64. Ọkọ mi wà lórí fóònù, ó ní kí n sanwó, mo sì san iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ gééré láìfi kọ́bọ̀ lé e. Ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ fún wa wo rísíìtì náà, ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan, ó kó àwo ó sì lọ. Inú ọkọ̀ ni ọkọ mi ti bi mí pé mélòó ni mo fi sílẹ̀, nígbà tí mo sì ní n kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ńṣe ló padà wọlé lọ fún ọmọ náà ní dọ́là 12.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ọjà Ọba n'Ìbàdàn ni màmá mi ti ń ta èlùbọ́, mo sì bá wọn jókòó níbẹ̀ láti kékeré. Òǹtajà ló ń bu ènì fún oníbàárà, n kò rí ibi tí oníbàárà ti ń bu ènì fún òǹtajà rí.

Ní báyìí, èmi náà ti rí iṣẹ́ agbáwo sí ilé oúnjẹ mìíràn. Wọ́n ní dọ́là 2 àti sẹ́ńtì 13 ni wọn yóò máa san fún wákàtí kan, pé tíìpù, ìyẹn owó tí oníbàárà ń fi lé ẹni tó sìn ín lọ́wọ́, ni yóò jẹ́ ìyókù. Mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́, àfi ìgbà tí mo rí i nínú ìwé tí mo buwọ́ lù. Ṣé wọn kò máa rẹ́ mi jẹ? Mélòó ló yẹ kí n máa fún ẹlòmíràn tó bá sìn mí? Màmá mi náà sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ arọ ni wọn yóò fi tì wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ti ìyẹn náà.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ agbáwo kan, Houston

Àbúrò mi, kú ewu ọ̀nà o. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé oúnjẹ fún èèyàn nínú ìlú yìí kan náà, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Wọn kò rẹ́ ọ jẹ níbi dọ́là 2.13 yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló fàyè gbà á, iye náà kò sì tí ì yí padà láti ọdún 1991. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ jẹ́ dọ́là 7.25 fún wákàtí kan láti ọdún 2009, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́ tíìpù, òfin gba ọ̀gá láyè kó ka dọ́là 5.12 nínú rẹ̀ sí ọrùn oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin yẹn fi wo ojú rẹ. Kì í ṣe ènì ló ń retí, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń retí, ọ̀dọ̀ rẹ ni òfin sì ní kó ti lọ gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé oúnjẹ tiwa, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo gbọ́dọ̀ mú ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí mo tà fún ẹni tó ń po ọtí àti ẹni tó ń nu tábìlì, ì báà jẹ́ pé oníbàárà fún mi ní nǹkan tàbí kò fún mi. Bí ètò ibẹ̀ bá rí bíi tiwa, ká ní ọkọ rẹ kò padà wọlé, ọmọ náà ì bá yọ dọ́là kan àti sẹ́ńtì 92 láti inú àpò ara rẹ̀ lórí oúnjẹ tí ẹ jẹ.

Wàyí o, gbọ́ apá kejì òfin náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sọ. Bí tíìpù rẹ kò bá gbé owó rẹ dé 7.25 fún wákàtí kan, dandan ni kí ọ̀gá fi ìyókù kún un. Ká ní o ṣiṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀ kan: 2.13 lọ́nà 30 jẹ́ dọ́là 63.90, iye tó sì yẹ kó dé ọwọ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ dín ní dọ́là 217.50. Bí tíìpù ọ̀sẹ̀ náà bá jẹ́ dọ́là 120 péré, gbèsè dọ́là 33.60 wà lọ́rùn ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ti ọdún 2018 ṣe kà á léèwọ̀ fún ọ̀gá àti máníjà láti fọwọ́ kan tíìpù òṣìṣẹ́ fún ara wọn. Ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, fi sínú épírọ́ọ̀nù rẹ, kí o sì máa kọ ọjọ́, wákàtí tí o wọlé, wákàtí tí o jáde, tíìpù tó wọlé lówó àti èyí tó gba orí káàdì wá. Má ṣe gbọ́kàn lé kọ̀ǹpútà wọn nìkan.

Ní ti ohun tí ìwọ yóò máa fún ẹlòmíràn, ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni fún ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún ọ lórí ìjókòó. Ìṣirò tó yá jù fún àwa ará Houston ni kí o wo owó orí tó wà lórí rísíìtì, ìdá 8.25 ni níhìn-ín, bí o bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 16.5, kí o wá fi díẹ̀ lé e bí wọ́n bá ṣe yín dáadáa. Bí ẹ bá tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fara balẹ̀ ka rísíìtì náà kí o tó kọ nǹkan sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ti máa ń fi ìdá 18 tàbí 20 kún un fúnra wọn, mo sì ti rí àwọn èèyàn wa níbi ọjọ́ ìbí tí wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró níwájú káńtà gba oúnjẹ lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ ìsanwó sì ń bi ọ́ pé 20 ni àbí 25 àbí 30, kò sí àbùkù kankan nínú kí o tẹ̀ ẹ́ pé rárá.

Èrò tèmi ni pé kí o ka tíìpù mọ́ owó oúnjẹ kí o tó jáde nílé. Bí dọ́là 40 ló wà lọ́wọ́ rẹ, oúnjẹ dọ́là 31 ni kí o jẹ, kí owó orí àti tíìpù lè rí àyè. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí a lọ rà á ní káńtà ká gbé e relé sàn ju kí a jókòó kí ẹlòmíràn sìn wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan tó kù ni pé kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló rí bíi Texas tí Houston wà. Ní California, Washington, Oregon, Nevada, Minnesota, Montana àti Alaska, ọ̀gá gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ tó pé kí tíìpù tó dé rárá.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ arọ ní pápákọ̀ òfurufú Atlanta

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá wa tó ń bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni kẹ̀kẹ́ náà. Òfin Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú láti pèsè rẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ wọn kó tó tì wọ́n. Níbi iṣẹ́ wa, èèwọ̀ ni kí a béèrè tíìpù, ṣùgbọ́n owó wa kéré, tíìpù náà la sì ń rò mọ́ owó ilé.

Mo ti ti ọ̀pọ̀ màmá wa tó bá ọkọ̀ Èkó wọlé. Lọ́jọ́ kan, mo ti ìyá kan láti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, mo bá ìyá dá àwọn tó ń yẹ ìwé wò lóhùn, mo gbé àpótí mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ fún wọn, a sì lò tó wákàtí kan àbọ̀ kí a tó jáde. Nígbà tí a rí ọmọ wọn, màmá tú kókó etí ìró wọn, wọ́n yọ náírà 500 tí wọ́n ti ká wẹ́wẹ́, tó ṣì gbóná láti ara wọn, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà gígùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbà á, ó sì wà nínú Bíbélì mi títí di òní. Ọmọ wọn rò pé màmá ti fún mi ní nǹkan, ó dì mọ́ wọn, wọ́n sì lọ.

Nítorí náà, arábìnrin mi, ìwọ ni kí o mú owó lọ́wọ́ lọ pàdé wọn. Dọ́là 5 tó bí ìrìn náà bá kúrú. Bí ẹrù bá wà tí ó sì pẹ́, dọ́là 10 sókè ló tọ́. Bí màmá yóò bá wọ ọkọ̀ mìíràn lọ́nà, wá ẹni tó ń bọ̀ sílé kó mú dọ́là 5 mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ wọn yóò ti tètè tó o.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Manchester

Ẹ má ṣe gbé ìṣirò Amẹ́ríkà wá sí Ìlú Ọba o. Níhìn-ín, ọ̀gá gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ tí òfin là sílẹ̀ pé pérépéré, pọ́n-ùn 12.21 fún wákàtí kan ló sì jẹ́ fún ẹni ọdún 21 sókè nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Láti ọdún 2009 ni òfin ti sọ pé a kò lè ka tíìpù mọ́ owó yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, pàápàá ní London, wọn yóò ti fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún bíìlì yín. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò pọn dandan, bí wọn kò bá sì ṣe yín dáadáa, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá ti fi í síbẹ̀ tí ẹ sì san án, kò yẹ kí ẹ tún fi òmíràn lé e. Nílé ọtí tí èèyàn ti ń lọ gba ohun mímu lọ́wọ́ káńtà, a kì í fún wọn ní tíìpù.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òfin tuntun lórí pípín tíìpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ní England, Scotland àti Wales. Gbogbo tíìpù tó bá gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá, àti owó ìdá 12.5 yẹn pẹ̀lú, ti òṣìṣẹ́ ni, owó orí nìkan ni ó lè yọ nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín kí oṣù tó tẹ̀ lé èyí tí oníbàárà san án tó parí. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín in.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ mí lọ́kàn gidigidi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, físà wa gba wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbà kí a dá iṣẹ́ ara wa ṣe. Iṣẹ́ kí a máa fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri fún àwọn ilé iṣẹ́ tí èèyàn ń fi fóònù ra oúnjẹ lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ adáṣẹ́ṣe ni wọ́n kà á sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ wá háyà àkáǹtì òun, kí ẹ máa fi orúkọ òun gbé oúnjẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Owó tíìpù ọ̀sẹ̀ kan kò tó nǹkan tí èèyàn ń torí rẹ̀ pàdánù físà tí òbí ta ilẹ̀ san owó rẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùtọ́jú àgbàlagbà kan, Leeds

Arábìnrin kò béèrè ẹni tí kò yẹ kí èèyàn gba tíìpù lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́. Ẹni tí à ń tọ́jú nílé rẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú wa ló wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tó gbà wá síṣẹ́ sì sábà máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé a kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì kan, ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí mò ń wẹ̀ fún láràárọ̀ ki pọ́n-ùn 20 sínú àpò kóòtù mi nígbà tí mo ń wọ bàtà mi. Mo yọ ọ́, mo dá a padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé mo kọ ohun ọwọ́ àwọn. Nílé wa, ẹni tó bá kọ owó lọ́wọ́ àgbà ti tàbùkù àgbà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú, mo ní kí a jọ mu tíì dípò rẹ̀. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú wọn, mo sì ti pe ọ̀gá mi. Nígbà tí ọmọ wọn dé lọ́jọ́ kejì tí ó ń wá pọ́n-ùn 20, àkọsílẹ̀ náà ló gbà mí. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ́, kí ó sì wà lákọsílẹ̀ pé ó mọ́.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣe, Dallas

Díẹ̀ ni tèmi. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé àwa tí wọn kì í rí. Dọ́là 2 sí 5 fún alẹ́ kan dára, àràárọ̀ sì ni kí ẹ máa fi sílẹ̀, nítorí ẹni tó tún yàrá náà ṣe lónìí lè má wà níbẹ̀ lọ́la. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà pé ti ẹni tó ń tún yàrá ṣe ni. Owó tó bá kàn wà lórí tábìlì láìsí ìwé, èmi kì í fọwọ́ kàn án, nítorí bí onítọ̀hún bá ní òun ń wá owó òun, ta ni wọn yóò kọ́kọ́ pè?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ onídìrí kan, Baltimore

Irun dídì náà wà níbẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ ló bá di irun rẹ fún wákàtí mẹ́fà, ìdá 15 sí 20 ló yẹ kí o fún un, kí o sì fi lé òun gan-an lọ́wọ́. Bí o bá bá wọn ná iye irun, ná an kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Má ṣe wá yọ owó tí o fi ná an padà nínú tíìpù ọmọ tí ẹ̀yìn ń dùn.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ awakọ̀ ẹrù kan, Hamburg

Fún àwọn tó bá ń kọjá: ní Jámánì, iye tó wà lórí bíìlì ni a ń sún sókè díẹ̀, bóyá ìdá 5 sí 10, ẹnu ni a sì fi ń sọ ọ́ nígbà tí a bá ń sanwó. Bí bíìlì bá jẹ́ yúrò 28, ẹ sọ pé 30, wọn yóò fún yín ní ṣéńjì lórí 30. A kì í fi owó sílẹ̀ sórí tábìlì ká dìde. Ní Japan, ẹ má fún wọn rárá, wọn yóò sáré tẹ̀ lé yín wá dá a padà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa yóò san yín lẹ́san rere. Mo ti ra ìwé náà. Ìṣòro kan ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá: àwọn mẹ́ta jẹun lórí tábìlì mi, wọ́n sá lọ láìsanwó, ọ̀gá sì yọ dọ́là 46 nínú owó mi. Ó ní àṣà ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ní kí n má sọ iye tíìpù tí mo gbà lówó fún ẹnikẹ́ni nítorí owó orí.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ agbáwo, Houston

Bẹ́ẹ̀ kọ́, àbúrò mi. Ẹni tí wọ́n ń san 2.13 fún, òfin ti kà á sí pé ó wà lórí owó tó kéré jù lọ, nítorí náà ọ̀gá kò lè yọ owó ẹni tó sá lọ, àwo tó fọ́, tàbí owó tó dín nínú dúrọ́ọ̀ lára rẹ̀. Fi pẹ̀lẹ́tù lọ bá a pẹ̀lú ìwé rẹ lọ́wọ́, kí o sọ ọjọ́ náà àti iye náà. Má ṣe bá a jà. Bí kò bá dá a padà, ẹ̀ka kan wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, Wage and Hour Division lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni kí èèyàn fẹjọ́ sùn níbẹ̀, òfin kò sì gbà kí wọ́n lé ọ torí rẹ̀. Má jẹ́ kó pẹ́, nítorí ọdún méjì ni òfin fi sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó di mẹ́ta bí ó bá hàn pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ní ti ìmọ̀ràn ẹlẹgbẹ́ rẹ, jọ̀wọ́ má gbà á. Bí tíìpù rẹ lóṣù kan bá ti tó dọ́là 20, o gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ fún ọ̀gá kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Òfin tuntun ti wá gbà pé, láti ọdún 2025 títí di 2028, èèyàn lè yọ tíìpù tó tó dọ́là 25,000 lọ́dún kúrò nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń bu owó orí lé, bí owó tó ń wọlé fún un kò bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n tíìpù tó bá wà lákọsílẹ̀ ni a lè yọ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò ṣì máa yọ ti Social Security àti Medicare, ètò ìjọba fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àgbàlagbà, ìyẹn kò sì burú, nítorí inú rẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ yóò ti wá. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé, owó tí mo kọ sílẹ̀ nìkan ni báńkì kà fún mi. Gbogbo èyí tí mo fi pamọ́ ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn, ọdún méjì gbáko la sì tún fi dúró.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù la wà yìí. Jókòó ka tíìpù oṣù tó parí lálẹ́ òní, kí o mú un lọ fún wọn lọ́la.